Agogo Kan Fún Ilé Méjìlélọ́gbọ̀n

Ẹ fi ìbọn yín ti ògiri, ẹ̀yin ọdẹ ẹgbẹ́ mi, kí ọwọ́ yín ṣófo kí etí yín lè kún. Ẹni tó bá fẹ́ fín aáṣáà, kó fín in tán báyìí, torí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sín sí àárín ọ̀rọ̀ mi. Ẹ mọ̀ mí dáadáa. Èmi Ọdẹ́dòkun ni mo pa ẹfọ̀n mẹ́ta láàárín ọjọ́ márùn-ún, tí mo sì fi ẹsẹ̀ rìn wálé láìjókòó sinmi. Igbó tí ẹ bá dárúkọ, àtẹ́lẹsẹ̀ mi ti tọ́ ọ wò. Bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, bó bá pa ẹran kò ní fún ẹnikẹ́ni jẹ. Ṣùgbọ́n èmi ti fún yín jẹ títí, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé ahun ni mí. Igbó tí mo wọ̀ lóṣù tó kọjá kò dà bí èyíkéyìí nínú wọn. Kò sí igi níbẹ̀, kò sí omi, ẹ ò sì lè gbé ìbọn wọ̀ ọ́. Inú kọ̀ǹpútà ni. Látúndé, mo rí ọ, rẹ́rìn-ín dáadáa. Nígbà tí mo bá parí, a ó mọ ẹni tí ẹ̀rín yẹ.

Ẹ mọ Ìbídùnní, ọmọ olóògbé Ọdẹ́níyì tí èmi pẹ̀lú rẹ̀ jọ dẹ igbó fún ọdún méjìdínlógún. Láti kékeré ni ọmọ náà ti ń já ewé. Ó ti kó oríṣi ewé tó lé ní igba jọ nínú igbó wa, ó ya fọ́tò wọn, ó kọ orúkọ wọn àti ohun tí a fi ń ṣe sí abẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n kan lókè òkun gbọ́ nípa rẹ̀. Wọ́n ní kó yọjú sí àwọn nínú kọ̀ǹpútà ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kó fi ewé náà hàn, kó sì dáhùn ìbéèrè. Àyè kan ṣoṣo ni wọ́n ní nílé ẹ̀kọ́ wọn, òun àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti ìlú mìíràn ló sì ń du ú. Ẹni tí kò bá yọjú lásìkò, ó ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ nìyẹn. Ilé mi ló sún mọ́ òpó nẹ́tíwọọ̀kì orí òkè jù, nítorí náà aago méje ààbọ̀ kò tíì lù tó fi gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ wá. Fóònù rẹ̀ ti já sódò lọ́jọ́ mẹ́ta ṣáájú, níbi tó ti ń ya fọ́tò ewé kan tó wà létí omi. Kọ̀ǹpútà yẹn nìkan ló kù ú kù.

Ó ṣí i. Kò sí nẹ́tíwọọ̀kì. Ó pa á, ó tún tàn án, bákan náà ni. Ó tẹ nǹkan títí àkọsílẹ̀ funfun kan fi jáde lójú ẹ̀rọ dúdú. Ó kà á, ó tún un kà.

Mo ní, "Kí ló sọ?"

"Bàbá, ó ní dírẹ́bà káàdì wáìfáì béèrè ìpè méjìlélọ́gbọ̀n, ẹyọ kan ni wọ́n fún un. Ló bá jókòó, ó ní òun ò ṣiṣẹ́."

"Kí ni ìpè?"

"Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ yìí kì í gbójú sókè. Ohunkóhun tó bá fẹ́ kó dá òun lóhùn, àfi kó pè é kó tó lè fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Dírẹ́bà ló ń darí káàdì tó ń fa nẹ́tíwọọ̀kì wọlé. Bí kò bá ríbi pè, káàdì ò lè gbọ́, kò sì lè sọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ tuntun ni wọ́n ṣe káàdì yìí fún, Bàbá. Ẹ̀rọ tèmi ti gbó."

"Ta ló ń pín ìpè náà?"

Ó ní òun ò mọ̀. Ojú rẹ̀ ti ń pọ́n. Èmi ní tèmi, ìbéèrè yẹn ló ń rìn mí lára. Ta ló ń pín in? Ẹ mọ̀ pé bí mo bá rí ihò tí mi ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, oorun kì í kùn mí. Mo gbé àpò mi kọ́ èjìká, mo bẹ̀rẹ̀ síwájú ihò wẹ́wẹ́ tí ẹ̀rọ náà fi ń mí, mo ní: ilẹ̀kùn kì í ti mọ́ afẹ́fẹ́, ògiri kì í dínà mọ́ ohùn, ibi tí ooru bá ń gbà jáde ni kí n gbà wọlé. Nígbà tí mo máa lajú, mo ti wà nínú.

Ilẹ̀ ibẹ̀ ní àwọ̀ ewé, ó sì ń yọ̀ bí àwo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ọ̀nà tó wà lórí rẹ̀ pọ̀ ju èyí tí mo lè kà lọ, wọ́n tín-ín-rín, wọ́n ń dán, kò sì sí méjì nínú wọn tó kọjá lórí ara wọn. Mo dúró wò ó. Nínú igbó tiwa, ọ̀nà ẹtu á kọjá lórí ọ̀nà òkété, ọ̀nà òkété á kọjá lórí tèèyàn, ibi tí wọ́n ti pàdé la sì ti ń rí ẹran pa. Ta ló la ọ̀nà tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pàdé ẹnikẹ́ni? Mo ń rò ó lọ́wọ́ ni mo dé ọ̀dọ̀ ẹ̀dá kan tó jókòó lórí ẹrù rẹ̀. Ojú rẹ̀ méjì ń wo iwájú, méjì ń wo ẹ̀yìn, ó sì ká apá mọ́ àyà bí ìyàwó tí wọn ò bá ra aṣọ ọdún. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ilé kéékèèké méjìlélọ́gbọ̀n wà, orí sì yọ lójú fèrèsé kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn la ẹnu sílẹ̀, ohùn kankan ò jáde.

Ó ní, "Ọdẹ, dáhùn kí o tó kọjá. Mo ní ìròyìn, mi ò ní ẹnu. Mo ní ọ̀gá, ọ̀gá mi ò ní ojú tó fi ń wò mí. Kí ni mo nílò?"

Mo ní, "Agogo. Bí ọ̀gá ò bá wò ọ́, o ó jẹ́ kó gbọ́ ọ."

Ojú rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin là. "Ta ló sọ fún ọ?"

"Ọmọ kan ló sọ fún mi. Ìwọ ni dírẹ́bà káàdì?"

"Èmi ni. Níbi tí wọ́n ti ṣe mí, agogo méjìlélọ́gbọ̀n ni wọ́n máa ń fún irú mi, ilé kan agogo kan. Mo dé ibí, mo béèrè, wọ́n na ẹyọ kan sí mi. Ẹyọ kan! Ta ni kí n fún, ta ni kí n fi dù? Mo ti kúkú jókòó."

Mo ní, "Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. O wo ilé yìí kí o tó béèrè?" Ó yí ojú méjì kúrò lọ́dọ̀ mi, ó fi méjì tó kù ṣẹ́jú. Mo bi í léèrè ọ̀nà ọ̀dọ̀ ẹni tó ń pín agogo, ó fi ẹsẹ̀ tọ́ka.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀nà yẹn ló fẹ́ pa mí. Mi ò tíì rìn jìnnà tí mo fi gbọ́ agogo tó ń dún kàn-kàn-kàn láìdáwọ́ dúró, ni ogunlọ́gọ̀ ìránṣẹ́ bá ya bo ọ̀nà. Wọn ò ní apá, ẹsẹ̀ àti ẹnu nìkan ni wọ́n ní, gbogbo wọn ń sáré, wọ́n ń kígbe, "Ta ló pè? Ta ló pè?" Kò sẹ́ni tó dáhùn. Wọ́n sáré lọ, wọ́n tún sáré bọ̀, agogo ò sì dákẹ́. Mo ti sá fún ẹfọ̀n rí, mo ti sá fún oyin rí, àmọ́ mi ò tíì sá fún ìbéèrè rí àfi ọjọ́ yẹn. Mo pọ́n òpó kan tó gbóná bí ìkòkò ẹ̀kọ, mo dì mọ́ ọn, wọ́n ń kọjá lábẹ́ mi. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ ńlá kan nà láti òkè, ó fi ọ̀bẹ gé okùn agogo náà. Gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Ilé tó wà nídìí okùn yẹn ṣókùnkùn, mo sì ń gbọ́ tí àwọn ará inú rẹ̀ ń kan ògiri. Kò sẹ́ni tó yíjú wò wọ́n.

Ọwọ́ yẹn ni mo tẹ̀ lé dé ọ̀dọ̀ Ìyá Alágogo. Ìyá náà ò ní ojú. Ọwọ́ mẹ́wàá ló ní, àti etí kan ṣoṣo tó fẹ̀ tó àtẹ tí wọ́n fi ń sá èlùbọ́, okùn agogo gbogbo ìlú sì gba iwájú rẹ̀ kọjá. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo kí wọn kú iṣẹ́.

Wọ́n ní, "Ọdẹ tó pọ́n òpó, kí lo rí?"

"Mo rí agogo tó dún, ẹ gé okùn rẹ̀."

"Agogo tó bá dún tí ẹnikẹ́ni ò wí pé èmi ni mo pè, yóò dí ọba tó ń ṣiṣẹ́ láìgbójú sókè lọ́wọ́. Mo máa ń gé e. Kí lo wá ṣe?"

Mo ṣàlàyé. Wọ́n rẹ́rìn-ín, okùn gbogbo sì ń gbọ̀n. Wọ́n ní, "Ògiri tí à bá fi ya agogo sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí ẹnì kan lè gba púpọ̀, àwọn tó kọ́ ìlú yìí ò kọ́ ọ. Ibi tí kò sí, kò sí. Mo lè fún dírẹ́bà rẹ ní ẹyọ kan, kó gbà á tàbí kó sùn."

Mo fi ìrù ẹfọ̀n lọ̀ wọ́n, wọn ò gbà. Mo fi oríkì lọ̀ wọ́n, wọ́n ní etí àwọn ti kún. Ìgbà yẹn ni mo rántí àgọ́ wa. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Bí a bá jẹ́ ogún nínú àgọ́, fèrè kan náà la jọ ń lò. Bó bá dún, ẹni tó wà nídìí iná á bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ láti orí àgbà: ìwọ ni? Kì í ṣe èmi. Ìwọ ni? Èmi ni, ejò ni mo rí. Mo sọ ọ́ fún Ìyá Alágogo. Wọ́n tẹ etí sílẹ̀.

"Bí ẹnì kan bá ti jẹ́ èmi ni, ẹ dákẹ́?"

"Rárá, Ìyá. À ń pè é dé orí ẹni tó kéré jù. Ó lè jẹ́ pé ẹni méjì ló ní ìròyìn lẹ́ẹ̀kan náà. Ọdún kan tí a dákẹ́ lórí ẹni àkọ́kọ́, iná jó àgọ́ wa."

Wọ́n ní, "Dírẹ́bà tó bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, mi ò ní gé okùn rẹ̀." Wọ́n ju agogo kan sí mi lọ́wọ́, wọ́n so okùn rẹ̀ mọ́ ẹnubodè kìíní nínú ẹnubodè mẹ́rin ààfin. Wọ́n ní ẹnìkan tí wọ́n ń pè ní Olùgbọ́ ló jókòó síbẹ̀. Bí agogo bá dún, òun ló máa gbé ìròyìn wọlé tọ ọba lọ. Wọ́n ní kí n sọ fún káàdì pé ẹnubodè kìíní ni kó máa pè, torí ibi tí wọ́n bá kọ́kọ́ sọ fún káàdì, ibẹ̀ nìkan ló mọ̀.

Mo padà lọ ṣàlàyé fún dírẹ́bà, ó kọ́kọ́ ṣàkọ. "Kí n máa béèrè lọ́wọ́ ilé méjìlélọ́gbọ̀n nígbàkigbà tí agogo kan bá dún? Yóò falẹ̀."

Mo ní, "Ó falẹ̀ lóòótọ́. Báyìí tí o jókòó sórí ẹrù, eré wo lò ń sá?" Àwọn orí ojú fèrèsé bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí sí i. Ojú tì í, ó dìde, ó gbé agogo kọ́. Mo sọ ibi tí káàdì máa pè fún un. Mo gbọ́ ohùn Ìbídùnní láti ihò wẹ́wẹ́ tó ní, "Bàbá, aago mẹ́sàn-án ti lù," mo sì ní kó fọkàn balẹ̀, èmi Ọdẹ́dòkun ni mo wà nídìí ọ̀rọ̀.

Mo yà sí ẹnubodè kìíní lọ kí Olùgbọ́. Arúgbó ni, ó jókòó sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, ooru ń rọ̀ lé e lórí. Ní ẹnubodè kẹrin, ibòji wà, àga sì wà tí kò sí ẹni tó jókòó lé e. Ẹ̀yin ọmọ ilé ire bíi tèmi, ẹ ó rí àgbàlagbà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ kí ẹ kọjá? Mo ní, "Baba, kò yẹ yín." Mo fà wọ́n lọ́wọ́, mo mú wọn jókòó sórí àga ní ẹnubodè kẹrin, mo bu omi fún wọn, wọ́n súre fún mi. Inú mi dùn. Mo ń fi ìyẹn kún ohun tí n ó máa fi yangàn.

Dírẹ́bà ní kí káàdì sọ̀rọ̀. A retí. Kò sí nǹkan. Ó tún ní kó sọ̀rọ̀. Kò sí nǹkan. Kò sí àṣìṣe tó yọ, kò sẹ́ni tó kọ̀, gbogbo ilé ń fa okùn, ààfin ò sì mọ̀ pé ẹnikẹ́ni wà láyé. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Mo ṣe ohun tí ọdẹ ń ṣe bí ẹran bá pòórá: mo padà sí ojú ẹsẹ̀ àkọ́kọ́. Mo di okùn mú, mo tẹ̀ lé e láti ọwọ́ dírẹ́bà, mi ò fi ibì kan fò. Ó gbé mi dé ẹnubodè kìíní. Agogo wà níbẹ̀, ó ń dún kíkankíkan, ilẹ̀ tó yẹ kí arúgbó jókòó sí sì ṣófo.

"Bàbá, ó ku ìṣẹ́jú ogún."

Mo sáré lọ bá Olùgbọ́, mo ní kí wọ́n dìde. Wọ́n ní ẹni tí a bá fi ọ̀wọ̀ mú jókòó kì í fi àṣẹ dìde. Àfi kí ẹni tó mú wọn jókòó wá síwájú Ìyá Alágogo kó sọ pé òun ló ṣìṣe. Etí ńlá yẹn ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́ tán.

Ìyá Alágogo ní, "Ta ló gbé e kúrò?"

Ẹ̀yin ọdẹ, mo ní dírẹ́bà ni. Ó yọ lẹ́nu mi wẹ́rẹ́, mi ò tilẹ̀ ronú sí i.

Ìyá Alágogo tẹ etí wọn sún mọ́ ẹnu mi. Wọ́n ní, "Irọ́ yìí mọ ọ̀nà lẹ́nu rẹ. Ó ti rin ín rí. Ìgbà wo?"

Mo ní mi ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Wọ́n gbé ọ̀bẹ lé okùn káàdì Ìbídùnní. Wọ́n ní, "Sọ ti ìṣáájú kí o tó sọ ti òní. Tòní nìkan ò tó mi."

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Mo sọ ọ́. Mo ní ọjọ́ tí túùkú fi eyín ya itan Ọdẹ́níyì, ìdí igi arère la jọ fi àdéhùn sí. Òun ló máa wọ inú lọ lé ẹran jáde, èmi ni n ó dúró nídìí arère pẹ̀lú ìbọn. Bí nǹkan bá le, yóò fọn fèrè, yóò sì sá gba ọ̀dọ̀ mi. Mo dúró títí, mo rí ojú ẹsẹ̀ ẹtu tútù tó lọ síhà odò, mo tẹ̀ lé e. Mi ò sọ fún un. Ó fọn fèrè, ó sáré wá sídìí arère pẹ̀lú túùkú lẹ́yìn rẹ̀, kò bá ẹnikẹ́ni. Nígbà tí a gbé e délé, tí ẹ̀yin yìí bi mí léèrè, mo ní odò la fi àdéhùn sí, òun ló ṣìnà. Ó wò mí láti orí ẹní tí a tẹ́ ẹ sí. Kò sọ nǹkan kan.

Ìyá Alágogo mú ọ̀bẹ kúrò. Mo kọjú sí Olùgbọ́, mo ní, "Baba, èmi ni mo gbé yín kúrò níbi tí wọ́n ti ń pè yín. Mo ṣìṣe." Wọ́n dìde. Wọ́n di èjìká mi mú padà sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ẹnubodè kìíní, Ìyá Alágogo sì pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ gbé wọn kúrò níbẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí káàdì bá wà láàyè. Agogo dún. Mo gbọ́ dírẹ́bà tó ń béèrè láti ilé kìíní: ìwọ ni? Kì í ṣe èmi. Ìwọ ni? Èmi ni.

Nígbà tí mo jáde, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ojú àwọn òyìnbó mẹ́ta àti obìnrin adúláwọ̀ kan ti yọ lójú ẹ̀rọ. Ohùn wọn ń já díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń wọlé. Mo jókòó sí kọ̀rọ̀. Mo gbọ́ Ìbídùnní tó ń ka ewé, tó ń ṣàlàyé èyí tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró àti èyí tí ẹran ń sá fún. Mi ò gbọ́ èdè tí wọ́n fi ń dáhùn, àmọ́ mo rí i tí obìnrin yẹn yọ awò ojú rẹ̀ tó sún mọ́ ẹ̀rọ. Lẹ́yìn wákàtí kan ààbọ̀, wọ́n ní kó máa palẹ̀ mọ́ fún oṣù kẹsàn-án. Ó pariwo, ó dì mọ́ mi. Mo ní kó jókòó.

Mo sọ ti arère fún un, bí mo ṣe sọ ọ́ nínú ẹ̀rọ. Kò wò mí nígbà tí mò ń sọ ọ́. Nígbà tí mo parí, ó pa kọ̀ǹpútà dé.

Ó ní, "Bàbá mi sọ fún wa pé odò ni. Màmá mi bi wọ́n léèrè léraléra. Ọjọ́ tí wọ́n máa kú, wọ́n ṣì ní odò ni, pé àwọn ló ṣìnà, kí a má gbà kí ẹnikẹ́ni bá yín jà."

Mo sunkún. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, mo sunkún níwájú ọmọ tí mo bá wọn ṣe ìkómọ rẹ̀. Kò rẹ̀ mí lẹ́kún, kò sì bá mi jà. Ó gbé àpò rẹ̀ kọ́, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Kì í ṣe èmi nìkan ni ẹ purọ́ fún, Bàbá."

Ìdí tí mo fi pè yín nìyẹn. Nígbà tí ipò Olúọdẹ ṣófo, àwa méjì lẹ wò. Ẹ ní ọdẹ tó lè gbàgbé ibi àdéhùn kò ṣeé fi ẹgbẹ́ lé lọ́wọ́, ẹ sì fi mí jẹ. Ọdẹ́níyì jókòó sí ẹ̀yìn yàrá yìí, ó na ẹsẹ̀ tó ń dùn ún síwájú, ó sì bá yín pàtẹ́wọ́ fún mi. Ìdí arère la fi àdéhùn sí. Ó débẹ̀. Èmi ni mi ò sí níbẹ̀.